Ọmọ mi wà ní Kazan, ó ní àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe Rọ́ṣíà. Ta wá ni wọ́n ń pè ní Tatar?

ÌyáẸlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú tí ìbéèrè mi bá gùn. Àkọ́bí mi ọkùnrin rí skọ́láṣípù lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Rọ́ṣíà lọ́dún tó kọjá, ìlú tó wà ń jẹ́ Kazan, èmi sì ti rò ó lọ́kàn mi pé onígbàgbọ́ ni gbogbo òyìnbó ibẹ̀, mo ti ń dààmú pé níbo lọmọ yìí á ti máa kírun, àfi lọ́jọ́ Jímọ̀ tó fi fídíò ránṣẹ́, mo wà nídìí ẹja lọ́wọ́ l'Ọjà Olúwo, ìpẹ́ kún gbogbo ọwọ́ mi, ọmọ tó ń bá mi tajà ló bá mi tẹ fóònù, ṣe ni mo gbọ́ tí wọ́n ń pèrun! Ìpèrun tààrà bíi ti Ẹ̀pẹ́ níbí. Mọ́ṣáláṣí ńlá funfun, orí ẹ̀ búlúù, yìnyín kún ilẹ̀ lọ súà, ọmọ mi wọ kóòtù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ilẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Omi bọ́ lójú mi láàárín ọjà.

Ohun tó wá ń rú mi lójú nìyí. Ó pe ọmọ tí wọ́n jọ ń gbé rúùmù ní ọmọ Rọ́ṣíà, ìyẹn fajú ro, ó ní Tatar lòun. Ìkejì ní irọ́ ni, kò sóhun tó ń jẹ́ Tatar, Bolgar ni wọ́n. Ìkẹta ní òun ò sí nínú méjèèjì, Chuvash lòun, ó sì ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì! Inú rúùmù kan ṣoṣo o. Mo sọ fún bàbá ẹ̀, wọ́n ní ṣebí àwọn Tatar yẹn ló tẹ̀lé Genghis Khan, ọba Mongol, jagun káyé, tí wọ́n ń jẹ ẹran ẹṣin, pé kí n kìlọ̀ fún ọmọ mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ là á yé mi. Ṣé Mongol làwọn èèyàn yìí? Ìgbà wo ni Rọ́ṣíà wá gbà wọ́n? Ẹ má fi gírámà pa mí, ìwé mẹ́fà ni mo kà.

TíṣàÌtàn_Ìkòròdú:

Ẹ kú iṣẹ́ mà, Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ náà. Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fẹṣin lépa ẹ̀. Ẹran ẹṣin tí Dádì wí, òótọ́ ni, wọ́n ń ṣe é bí sọ́séèjì, wọ́n ń pè é ní qazılıq, àlejò pàtàkì ni wọ́n sì ń gé e fún.

Orúkọ yẹn ló dá gbogbo ìjà inú rúùmù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ n ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi Ìjẹ̀bú kan l'Ẹ̀pẹ́ ní igba ọdún sẹ́yìn pé ṣé Yorùbá ni, á ní rárá o, Ìjẹ̀bú lòun, ará Ọ̀yọ́ lẹ̀ ń wí. Àwọn Haúsá ló ń pe àwọn Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn míṣọ́nnárì ló wá na orúkọ náà dé orí gbogbo wa. Ẹ lọ sọ fún Ìjẹ̀bú òní pé kì í ṣe Yorùbá, kẹ́ ẹ wo ohun tójú yín máa rí.

Ti Tatar tún lọ́jú ju tiwa lọ. Ẹ̀yà kan wà lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Mongol tó ń jẹ́ Tatar. Ọ̀tá Genghis Khan ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ló fún bàbá ẹ̀ ní májèlé jẹ. Nígbà tó lágbára tán, ní 1202, ó kọjú ogun sí wọn, ó run wọ́n débi pé ìwọ̀nba tó kù di ara àwọn èèyàn tiẹ̀. Ẹ wá wò ó, orúkọ ọ̀tá tó pa yìí làwọn tó ń wòran lókèèrè fi ń pe òun àti gbogbo ọmọ ogun ẹ̀. Àwọn òyìnbó Yúróòpù tiẹ̀ fi "r" kan sí i, wọ́n ń pè wọ́n ní Tartar, torí ó jọ orúkọ ọ̀run àpáàdì lédè Látìn.

Kazan ńkọ́? Kí Mongol kankan tó débẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ń pè ní Bulgar ti wà létí odò Volga, oníṣòwò ni wọ́n, awọ ẹranko àti oyin ni wọ́n ń tà. Àwọn ni Bolgar tí ọmọ kejì yẹn ń wí. (Orúkọ Bulgaria tó wà ní Yúróòpù, ibì kan náà ló ti wá, ẹ̀ka kan ló ṣí lọ síbẹ̀ ní nǹkan bí 681, wọ́n wá gbàgbé èdè wọn sọ́hùn-ún.) Àwọn tó dúró létí Volga gba Ìsìláàmù ní 922. 922 o! Ẹ ṣírò ẹ̀ wò. Ọba wọn, Almish, ló ránṣẹ́ sí Kálífà ní Baghdad pé kó rán ẹni tó máa kọ́ àwọn lẹ́sìn wá, kó sì fún òun lówó tóun máa fi mọ odi, torí àwọn Khazar, ìjọba alágbára kan nítòsí wọn, ń fìyà jẹ ẹ́. Ibn Fadlan wà lára àwọn tó lọ, ó sì kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́tà dé, ẹ̀bùn dé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin dínárì tí wọ́n ṣèlérí ò dé. Inú bí ọba gidigidi, ó ń bi Ibn Fadlan pé owó òun dà. Bí ìjọba ṣe rí láti ayébáyé nìyẹn.

Ìyá, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tó kọ rèé: òun àti aránṣọ ọba, ọmọ Baghdad kan, wọnú àgọ́ kí wọ́n tàkurọ̀sọ díẹ̀ kí wọ́n tó pe Ìṣáì. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà, ìpèrun dún. Wọ́n jáde, ilẹ̀ ti mọ́! Àsùbáà ni ladánì ń pè. Òru ibẹ̀ kúrú gan-an nígbà ooru. Ladánì náà ní òun kì í sùn mọ́, kí àsùbáà má bàa ré òun kọjá. Tí ààwẹ̀ bá bọ́ sígbà ooru, ẹ máa gbàdúrà fọ́mọ yín gan-an.

1236 ni Batu, ọmọ ọmọ Genghis, kógun dé tó fọ́ ìlú Bulgar. Ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Golden Horde. Àmọ́ àwọn Mongol tó wá ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí wọ́n bá nílẹ̀, pàápàá àwọn Kipchak, darandaran tí èdè wọn bá ti Tọ́kì tan. Kò pẹ́ tí àwọn Mongol fi ń sọ Kipchak, bí àwọn Fúlàní ṣe ń sọ Yorùbá n'Ílọrin. Nígbà Özbeg Khan, tó jọba láti 1313 sí 1341, Ìsìláàmù di ẹ̀sìn ìjọba. Nítorí náà mà, Mongol kọ́ ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ Bulgar wà níbẹ̀, Kipchak wà níbẹ̀, orúkọ Tatar wá bò wọ́n bí aṣọ.

Bọ́ọ̀lùLèmiMọ̀:

Kazan kẹ̀? Ibẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Martins ti gbá bọ́ọ̀lù jàre, Rubin Kazan, 2010. Àwọn ló lọ na Barcelona 2-1 nílé wọn ní 2009. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, ẹ máa bá tiyín lọ.

ỌmọKáyọ̀káyọ̀:

Ìyá wa, ẹ kú ọjà. Tíṣà ti sọ ti orúkọ, kí n sọ bí ìlú Kazan ṣe di ìjọba, torí ìtàn ará Ẹ̀pẹ́ gan-an ni.

Ṣé ẹ rántí Kòsọ́kọ́, ọba Èkó? Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé e kúrò l'Ékòó ní December 1851, ó kó àwọn èèyàn ẹ̀ wọkọ̀, ó wá tẹ̀dó s'Ẹ̀pẹ́ níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú ti wà nílẹ̀. Títí dòní, Èkó-Ẹ̀pẹ́ wà, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ wà, àwa sì ń ṣe ọdún Káyọ̀káyọ̀. Ó dáa, Ulugh Muhammad ni Kòsọ́kọ́ tiwọn. Ọba Golden Horde ni, wọ́n yọ ọ́ lóyè, ó ń kó ogun ẹ̀ kiri, wọ́n na àwọn Rọ́ṣíà ní Belyov ní 1437, ó wá forí lé Kazan ní nǹkan bí 1438. Àwọn kan ní ọmọ ẹ̀ Mahmud ló gba ìlú náà ní 1445, kí wọ́n máa jà á lọ. Òun àtàwọn jagunjagun tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní Tatar nígbà yẹn. Àwọn tó bá nílẹ̀ ni àwọn Bulgar, Chuvash, Mari, Udmurt, àwọn yìí ló ń dáko, tí wọ́n ń dẹ ìgbẹ́, tí wọ́n ń san yasak, ìyẹn ìṣákọ́lẹ̀, awọ ẹranko àti oyin ló pọ̀ nínú ẹ̀.

Ibi tí tiwọn fi ju ti Kòsọ́kọ́ lọ: July 1445, àwọn ọmọ Ulugh Muhammad mú ọba Moscow láàyè, Vasily Kejì, nítòsí Suzdal. Owó gọbọi ni wọ́n fi rà á padà. Kòsọ́kọ́ ìbá rí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì kan mú!

Ó tún ku Qasim, ọmọ ẹ̀ mìíràn. Òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Mahmud ò jọ gbé, ó gba Moscow lọ, Vasily kan náà yìí fún un nílùú létí odò Oka ní 1452, Kasimov ni wọ́n ń pe ibẹ̀ dòní. Ìjọba Mùsùlùmí lábẹ́ Moscow, ó wà títí di 1681, obìnrin ló jẹ kẹ́yìn, Fatima Soltan. Inú àpò yìí ni Moscow ti ń yọ ẹni tó bá fẹ́ fi joyè ní Kazan. Shah Ali, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e gorí ìtẹ́ Kazan, ìlú ò gbà á, wọ́n lé e, wọ́n tún gbé e padà. Àwọn kan láàfin fẹ́ ti Moscow, àwọn kan ń ránṣẹ́ pe ọmọ ọba láti Crimea. Ìlú tí òkèèrè ti ń yan ọba fún, ẹ mọ ìyókù. Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ mú Akítóyè ní Àgbádárìgì wá gbé sórí ìtẹ́ Èkó ni.

ỌmọÀgbádárìgì:

Ẹ má fi Akítóyè wa ṣẹ̀sín o ará Ẹ̀pẹ́, ìtẹ́ tiẹ̀ ni wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ 😂. Ẹ máa sọ ọ́ lọ, mo ń kà á.

Àgbà_Gẹdú:

Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ kúu dédé àsìkò yìí. Èmi ò mọ Kálífà, iṣẹ́ gẹdú ni mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n mo mọ bí wọ́n ṣe gba Kazan, torí igi ni wọ́n fi gbà á.

Ivan Kẹrin, ọba Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní abanilẹ́rù, ó ti lọ ẹ̀ẹ̀mejì tí kò rí i mú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1548, ó fẹ́ kó ìbọn ńlá gba orí odò Volga tó dì, yìnyín yọ́ ní àìròtẹ́lẹ̀, ìbọn rì. 1550, òjò àti ẹrọ̀fọ̀ tún dá a padà. Ohun tó ń pa á lára ni pé Kazan jìnnà sílé ẹ̀, kò síbi tó máa kó oúnjẹ àti ẹ̀tù sí.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n gé igi lókè odò lọ́hùn-ún lápá Uglich, wọ́n kọ́ odi, ilé ìṣọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ẹ̀ pé. Wọ́n tún tú u palẹ̀! Wọ́n kó o sómi, Volga gbé e wálẹ̀ dé ibi tí odò Sviyaga ti wọnú ẹ̀, kò jìnnà sí Kazan rárá, wọ́n tún un tò lórí òkè kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. 1551 nìyẹn. Sviyazhsk ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Kí ará Kazan tó mọ̀, ìlú ti hù sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo pariwo. Iṣẹ́ wa nìyẹn kẹ̀! Àwa la máa ń so gẹdú pọ̀ bí ẹní, tí wọ́n á léfòó, tí a ó gbé wọn gba orí ọ̀sà láti Ẹ̀pẹ́ dé Òkobàbà. Ẹ ẹ́ sùn lórí ẹ̀, ẹ ẹ́ dáná lórí ẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá kọ̀, ẹ ẹ́ dúró. Olówó kọ̀ọ̀kan ní òòlù tiẹ̀ tó fi ń lu àmì sí ìdí igi, kí wọ́n má bàa jà tí wọ́n bá gúnlẹ̀. Ẹni tó bá ti ṣe é rí ló mọ̀ pé kíkó odi ìlú kan lórí omi láìsọ ọ̀kan nù, iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1552, nípárí oṣù kẹjọ, wọ́n yí ìlú ká. Wọ́n gbẹ́lẹ̀ lọ sábẹ́ ibi tí ará ìlú ti ń pọnmi níkọ̀kọ̀, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ọ. Ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá, wọ́n fọ́ ara odi fúnra ẹ̀, wọ́n wọlé. Ìmáàmù àgbà tó ń jẹ́ Qol Sharif kú pẹ̀lú àwọn ọmọ kéwú ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ìlú. Orúkọ ẹ̀ ló wà lára mọ́ṣáláṣí inú fídíò yín yẹn, Ìyá. 2005 ni wọ́n ṣí tuntun yìí.

Alfa_Kékeré:

Subhanallah. Ìyẹn ni pé torí ẹ̀sìn ni wọ́n ṣe pa wọ́n. Onígbàgbọ́ gbógun ti Mùsùlùmí, kò sóhun míì níbẹ̀.

ỌmọKáyọ̀káyọ̀:

Alfa, ẹ rọra. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Wọ́n wó mọ́ṣáláṣí, wọ́n lé àwọn Tatar kúrò láàárín ìlú lọ sétí adágún Kaban, ṣọ́ọ̀ṣì aláràbarà tẹ́ ẹ máa ń rí lórí fọ́tò Moscow yẹn, ogun Kazan ni wọ́n fi í rántí, 1555 sí 1561 ni wọ́n kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ló wà nínú ogun Ivan? Shah Ali, Mùsùlùmí, pẹ̀lú àwọn Tatar Kasimov. Àwọn Chuvash àtàwọn Mari tó wà ní ẹ̀gbẹ́ odò tó lókè ti búra fún Moscow ní 1551, ìṣákọ́lẹ̀ ti sú wọn. Àwọn Mari òdìkejì odò wá ńkọ́, tí wọn ò kírun rí, tó jẹ́ pé igbó òòṣà ni wọ́n ti ń bọ̀rìṣà (àwọn kan ṣì ń bọ ọ́ títí dòní o, nínú igbó gidi, bí igbó orò), àwọn yẹn jà fún Kazan, wọ́n sì ń bá ìjà lọ fún ọdún bíi mẹ́rin lẹ́yìn tí ìlú ti ṣubú. Ẹ bá mi pín in sí ti ẹ̀sìn.

Alfa_Kékeré:

Ó dáa, mo gbọ́. Ti igbó orò yẹn ni mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

ÌyáẸlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́:

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín, mo ní kí ọmọ tó ń bá mi tajà kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ọ̀kan. Ọmọ mi fi fọ́tò ilé gogoro pupa kan ránṣẹ́, bíríkì ni, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni fẹ́ ṣubú, ó ní ayaba kan ló bẹ́ láti orí ẹ̀ kú. Ta ni obìnrin yẹn? Kí ló ṣe é?

TíṣàÌtàn_Ìkòròdú:

Söyembikä ni mà, ọmọ àwọn Nogai, ẹ̀yà darandaran kan. Ọkọ ẹ̀, Safa Giray ọba Kazan, kú ní 1549, ọmọ ọkùnrin tó bí fún un, Ötemish, kéré gan-an, òun ló bá a di ìjọba mú ọdún méjì. Nígbà tí Sviyazhsk ti hù sí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rù ba àwọn ìjòyè, wọ́n bá Moscow dúnàádúrà, wọ́n fa ìyá àti ọmọ lé wọn lọ́wọ́ ní 1551. Àwọn ìjòyè tiẹ̀ fúnra wọn o. Ọmọ ẹ̀, wọ́n rì í bọmi ní Moscow, wọ́n sọ ọ́ ní Alexander, wọ́n sì gba ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Òun náà, wọ́n fi í fún Shah Ali. Ẹ ò rí i, Shah Ali yìí náà lẹ́ẹ̀kan sí i!

Ìtàn tí wọ́n ń sọ fún àlejò ni pé Ivan fẹ́ fi í ṣaya, ó ní kó kọ́lé alájà méje láàárín ọjọ́ méje, nígbà tó parí ó gun orí ẹ̀ lọ bẹ́ sílẹ̀. Ìtàn yẹn dùn, àmọ́ obìnrin yẹn ti kúrò ní Kazan lọ́dún kan kí Ivan tó débẹ̀ pẹ̀lú ogun 1552. Ilé yẹn gan-an, lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà gbàlú ni wọ́n kọ́ ọ, mítà 58 ni gíga ẹ̀, ilẹ̀ ló ń rì lábẹ́ ẹ̀ ló fi tẹ̀. Ká ní èmi ni, ìgbà tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀ ni mo máa sọ fún àlejò, ó dun èèyàn ju ti bíbẹ́ lọ.

Ó ku ìjà inú rúùmù. Lẹ́yìn tí ìlú ṣubú, tẹ́ ẹ bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n, ọ̀pọ̀ á ní Mùsùlùmí làwọn, àwọn míì á ní Bolgar, torí Tatar ti di èébú lẹ́nu àwọn Rọ́ṣíà. Àfáà ńlá kan wà, Shihabetdin Märcani, 1818 sí 1889, òun ló ní kí wọ́n má sá fún orúkọ náà mọ́, pé tẹ́ ẹ bá ní ẹ kì í ṣe Tatar, kí lẹ fẹ́ jẹ́? Díẹ̀díẹ̀ wọ́n gbà á. Àwọn kan ò gbà á títí dòní, àwọn ni ọmọ kejì yẹn. Ti Chuvash ló wá dùn jù: ìwádìí fi hàn pé èdè tiwọn ló bá ti Bulgar àtijọ́ tan jù lọ, òun nìkan ló kù nínú ẹ̀ka yẹn láyé. Ẹ ò rí i pé ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ló ń sọ èdè tó sún mọ́ ti Almish tó gba Ìsìláàmù!

ÌyáẸlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́:

Háà! Mo pe ọmọ mi lálẹ́ àná, mo ní kó fi mí sórí sípíkà, mo ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ sí wọn létí, ó ń túmọ̀ ẹ̀ fún wọn. Ẹ gbọ́, wọ́n tún ja òmíràn. Ọmọ Chuvash yẹn rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Àlàájì láti òní lọ. Èyí tó ní Bolgar lòun wá pe ìyá ìyá ẹ̀ lábúlé lórí fóònù tiẹ̀, ó bi wọ́n pé Màmá, kí ni wá gan-an? Ìyá àgbà ní irú ìbéèrè wo nìyẹn láago mẹ́sàn-án alẹ́, Mùsùlùmí ni wá, ṣé o ti jẹun?

A wá ń ta ọ̀rọ̀ síra wa. Làbárì tiwa, xäbär ni wọ́n ń pè é. Àlùbáríkà, bäräkät. Sùúrù, sabır. Bàbá ẹ̀ tó ní kí n kìlọ̀ fọ́mọ wá sún mọ́ fóònù, wọ́n ní kí wọ́n tún ti sùúrù yẹn pè.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ dé ọ̀hún tí kò ní í bàjẹ́? Wọ́n ti ní kí n fi ṣọwọ́, ti ọmọ Chuvash lọ́tọ̀.